Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Ẹni Tó Fẹ́ Wa Ọkọ̀ Ojú Irin

 

Níbí ní Odoakpu, a máa ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ akẹ́rù, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun kan tí a kì í gbọ́ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin. Kò sí ojú irin ní Onitsha. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní apá ọ̀dọ̀ wa lè lọ sí Enugu, níbi tí ojú irin tó ti Port Harcourt wá dé ní ọdún 1916 nítorí èédú. Mo béèrè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ẹni mẹ́ta péré ló ní òun ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ọ̀kan nínú wọn sì ní òun sùn lọ, òun ò rí nǹkan kan.

Kí ló wá kàn mí nínú iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin? Bọ̀ọ̀dá mi ni. Bọ̀ọ̀dá mi ń gbé ní London, ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ojú irin kan, irú èyí tí wọ́n máa ń gba èèyàn tí kò wa ọkọ̀ ojú irin rí, tí wọ́n á kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Ó dé ibi intafíù, ó já. Òfin wọn níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè gbìyànjú ìdánwò wọn yìí, intafíù yẹn sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá já lẹ́ẹ̀kejì, ó di kó wá iṣẹ́ mìíràn. Bọ̀ọ̀dá mi ti lo ẹ̀ẹ̀kan. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ìsinmi tó kọjá, èmi ni mo jókòó bí ọ̀gá lórí fóònù Dádì, tí mo ń bi í ní ìbéèrè lálaalẹ́. Mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, torí mi ò lè pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ." Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ fún wa, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa bá 'ẹ' rẹ lọ jàre, ìbéèrè náà ni kó o má fi dẹ̀ mí." Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, torí mo rí i pé kì í ṣe awakọ̀ ojú irin nìkan ló wúlò fún.

Kí ló le nínú iṣẹ́ náà?

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ tó rọrùn jù lọ ni. Ọkọ̀ ojú irin kò ní sítíárì, ojú irin ló ń darí rẹ̀. Kí ni awakọ̀ wá ń ṣe? Ó ń mú eré pọ̀ tàbí kó dín in kù, ó sì ń dá ọkọ̀ dúró níbi tó yẹ. Ìdúró yìí gan-an ni wàhálà. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, irin ni ọ̀nà rẹ̀. Irin lórí irin a máa yọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan lè fa ẹrù rẹpẹtẹ, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣòro láti dúró. Ọkọ̀ ojú irin tó bá ń sáré 160 kìlómítà ní wákàtí kan lè lọ ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì, kó tó dúró. Ẹ to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ní ìdojú kọ ìdojú, ẹ óò mọ bó ṣe jìn tó.

Kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba orí ojú irin kọjá ní apá Shogunle, ní Ìkẹjà, ọkọ̀ ojú irin sì gbá a. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ká ní ọkọ̀ méjì ló pàdé lójú títì, ọ̀kan lè yà sínú igbó. Ọkọ̀ ojú irin ò ní igbó tó máa yà sí.

Nítorí náà, awakọ̀ kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi rí nǹkan níwájú kó tó tẹ bíréèkì. Iná àmì ló ń sọ fún un ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná àwọ̀ ewé ní kó máa lọ. Yẹ́lò méjì ní kó kíyè sára, pé yẹ́lò kan ló ṣeé ṣe kó wà níwájú. Yẹ́lò kan ní kó múra àtidúró níbi iná tó kàn. Pupa ní kó dúró. Tó bá fo ọ̀kan láìrí i, ó lè má sí àyè mọ́ láti tún un ṣe.

Bọ̀ọ̀dá mi sọ ìtàn kan fún mi tí mi ò gbàgbé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 1999, ní Ladbroke Grove lẹ́bàá Paddington ní London, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá iná pupa, ó sì forí sọ òmíràn. Èèyàn 31 ló kú. Awakọ̀ tó kọjá iná náà kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó gba ìwé ẹ̀rí. Àmọ́ nígbà tí ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Iná yẹn ṣòro láti rí, àwọn awakọ̀ mìíràn sì ti kọjá rẹ̀ ní pupa lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ọdún mẹ́fà tó ṣáájú, kò sì sí ẹni tó ṣe nǹkan gidi sí i. Wọ́n tún ní bí wọ́n ṣe kọ́ awakọ̀ náà kò tó. Látìgbà náà ni mo ti mọ ìdí tí intafíù wọn fi rí bó ṣe rí. Kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí kì í gbàgbé, tí kì í kánjú, tí kì í sì fi àṣìṣe pamọ́ ni wọ́n ń wá.

Àwọn ìdánwò tó ṣáájú

Kí èèyàn tó dé iwájú àwọn tó ń bini ní ìbéèrè, ó máa ń ṣe àwọn ìdánwò kan. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kà sórí fún wọn.

Èkíní ni ìdánwò àmì tótòtó. Wọ́n á fún ọ ní ojú ìwé tí wọ́n to àmì tótòtó sí ní ìdì ìdì. Ìdì mìíràn ní mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin, òmíràn márùn-ún. Ìwọ á máa fa ìlà sí gbogbo ìdì tó ní mẹ́rin, kíákíá, láìfo ọ̀kan. Ó dà bí eré ọmọdé, àbí? Mo yà á sójú ìwé fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní ìlà karùn-ún, ẹni méjì ti ń wo ojú fèrèsé. Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn: ṣé ọkàn rẹ lè dúró sójú kan nígbà tí nǹkan bá ti sú ọ?

Èkejì, wọ́n á fi àwòrán hàn ọ́ fìrí lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kí o sọ ohun tí o rí. Ẹ̀kẹta, ìwọ á fi ọwọ́ méjèèjì darí àmì kan gba ojú ọ̀nà tóóró lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọwọ́ kejì fún ọ̀tún àti òsì. Òmíràn tún wà tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní òfin tuntun kan, tí wọ́n á sì bi ọ́ níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó wọlé.

Ẹni tó bá yege nínú gbogbo rẹ̀ yóò tún rí dókítà. Wọ́n á wo ojú rẹ̀, etí rẹ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń lo oògùn olóró tàbí ó ń mu ọtí. Ojú tí kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ẹni náà gbọ́n tó. Kì í ṣe ẹ̀gàn o. Bí Ọlọ́run ṣe dá ojú mìíràn nìyẹn.

Intafíù fúnra rẹ̀

Ibí ni bọ̀ọ̀dá mi ti ṣubú, ibí náà ni a ti ṣiṣẹ́ jù.

Wọn kì í béèrè pé, "Ṣé o máa ń ṣọ́ra?" torí gbogbo èèyàn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní, "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí o ní láti tẹ̀ lé òfin nígbà tí ẹlòmíràn fẹ́ kí o rú u." Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́. Ọ̀nà tí a gbà ń to irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ìpele mẹ́rin:

1. Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo, nígbà wo?
2. Kí ni ojúṣe rẹ níbẹ̀?
3. Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe?
4. Ibo ló já sí, kí lo sì kọ́?

Ìpele kẹta ló ń dá ọmọ Yorùbá dúró. Mo bi bọ̀ọ̀dá mi nípa iná tó fẹ́ jó níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "A pa iná mànàmáná, a kó àwọn èèyàn jáde, a pe ọ̀gá." Mo ní, "Ta ni 'a'?" Ó dákẹ́. Òun nìkan ló pa iná mànàmáná náà! Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá ń sọ pé "èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo ṣe é," agbéraga la máa pè é. Dádì mi náà dá sí i, wọ́n ní àwọn pàápàá kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà. Àmọ́ ẹni tó ń kọ máàkì sílẹ̀ kò lè kọ máàkì fún "a." Ó fẹ́ mọ ohun tí ìwọ ṣe. A wá fẹnu kò pé kì í ṣe ìgbéraga tó bá jẹ́ òótọ́, tí o sì sọ ipa tí ẹlòmíràn kó pẹ̀lú. "Mo pa iná mànàmáná. Ẹnì kejì mi kó àwọn èèyàn jáde. Èmi ni mo pe ọ̀gá." Ó ṣe kedere, kò sì fi nǹkan kan dùn wọ́n.

Ojú náà tún wà níbẹ̀. Nílé, tí àgbà bá ń bá wa sọ̀rọ̀, a máa ń wolẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń wolẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Bọ̀ọ̀dá mi fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ bí yóò ṣe máa wo ojú mi lórí fóònù, èmi àbúrò rẹ̀! Ó ní tí òun bá lè wo ojú mi láìrẹ́rìn-ín, òun lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tó já a kulẹ̀

Ìbéèrè tó ba nǹkan jẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí: "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí o ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́." Bọ̀ọ̀dá mi dáhùn pé, "Èmi kì í ṣe àṣìṣe, mo máa ń ṣọ́ra gan-an." Ó rò pé ìdáhùn tó dára jù nìyẹn. Ta ló máa ń lọ wá iṣẹ́, tí á wá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Awakọ̀ kan kọjá ibi tó yẹ kó dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i. Tó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé bóyá bíréèkì ọkọ̀ náà ni kò dára, tàbí iná kan ni kò ṣeé rí, tàbí pé oorun ni kò tó awakọ̀. Lọ́la, ẹlòmíràn á wa ọkọ̀ yẹn gba ibẹ̀. Ẹ rántí iná Ladbroke Grove. Nítorí náà ẹni tó ní òun kì í ṣe àṣìṣe, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé, "Tí mo bá ṣe é, mi ò ní sọ."

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọjà yìí, òtítọ́ ni wọ́n ń rà.

Bọ̀ọ̀dá mi wá ní kí èmi náà fi ara mi dánra wò. Ìdáhùn mi nìyí, mo sì kọ ọ́ síbí torí pé mi ò lè máa wàásù fún yín kí n fi tèmi pamọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní tẹ́ẹ̀mù kìíní, agogo ìjí tó yẹ kó dún ní aago márùn-ún ààbọ̀ pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì sì pẹ́ dé ibi àdúrà. Kí ni ojúṣe mi? Èmi ni mo ń lu agogo. Kí ni mo ṣe? Mo sùn lọ. Nígbà tí olùkọ́ béèrè, mo ní aago ọwọ́ tí ọ̀rẹ́ mi yá mi ló dúró. Wọ́n bá ọ̀rẹ́ mi wí pé ó yá èèyàn ní aago tó bàjẹ́, kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo lọ bá olùkọ́ náà, mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́, mo sì bẹ ọ̀rẹ́ mi níwájú wọn. Ibo ló já sí? Wọ́n gba agogo lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo gbà á padà, mo bẹ ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi pé kó máa jí mi tí mo bá pẹ́. Látìgbà náà, agogo ò tíì pẹ́ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "O rí i, ìdáhùn rẹ dára ju tèmi lọ." Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ àṣìṣe tirẹ̀ fún wa, èyí tí Dádì pàápàá kò gbọ́ rí.

Ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ tàsé

Wọ́n tún máa ń wo bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ojú irin a máa bá ẹni tó ń mójú tó iná àmì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì rí ojú rẹ̀. Tí ẹni yẹn bá sọ nǹkan, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà kí ó tó ṣe é. Nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè é, torí 15 àti 50 jọra gan-an létí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Tí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹni tó ń ka ìwé lè gbé ọkọ́ lọ sóko nígbà tí a ní kó wọ ọkọ̀. Àmì ohùn ni iná àmì èdè wa. Ní orílẹ̀-èdè Japan, awakọ̀ ojú irin a máa na ìka sí iná, a sì pe ohun tó rí síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú rí i, ọwọ́ tọ́ka sí i, ẹnu sọ ọ́, etí gbọ́ ọ. Kò rọrùn kí gbogbo wọn jọ ṣàṣìṣe.

Nílé ńkọ́?

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ rélùwéè tipẹ́. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, nígbà tó sì di 1912 ó ti dé Kano. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní Èkó. Iná mànàmáná ló ń lò, àwọn obìnrin sì wà lára awọn tó ń wà á. Red Line tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbado dé Oyingbo. Gbogbo ojú irin yìí ló ń fẹ́ awakọ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ o.

Ohun tí a lè fi ṣèwà hù

Ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ fún intafíù, ìbáà jẹ́ ti awakọ̀, ti síkọ́láṣíìpù tàbí ti olórí akẹ́kọ̀ọ́, kó ṣe nǹkan mẹ́rin yìí. Kó kọ ìtàn tirẹ̀ márùn-ún sílẹ̀ ní ìpele mẹ́rin, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àṣìṣe. Kó mọ ibi tó ń lọ: bọ̀ọ̀dá mi wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ka orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó sọ ìdáhùn rẹ̀ síta fún ẹnì kan, kì í ṣe nínú ọkàn nìkan. Kó sì sùn dáadáa, torí ẹni tí oorun ń kùn kò lè ka àmì tótòtó.

Ìbéèrè tí mo fi kádìí rẹ̀ ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn ni pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti pẹ́, àwọn èrò ń bú yín, iná ṣì pupa. Kí lẹ máa ṣe?" Kò tilẹ̀ ronú. Ó wo ojú mi, ó ní, "Mo máa dúró."

Inú tẹ́ẹ̀mù yìí ni intafíù rẹ̀ bọ́ sí. A kì í lo fóònù níbí, nítorí náà mi ò mọ bó ṣe lọ. Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni Dádì máa sọ fún mi. Ẹ bá wa fi sádùúrà.